Èènì tí Ẹ̀rọ Fún Fòfó Tọ́ládé

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní àdúgbò Plateau, ní Ṣábẹ̀ẹ́ wa níbí, tó wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú sálúbàtà, tó gbé ẹ̀rọ lé itan, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀wọ́, dá mi lóhùn, àní mo bẹ̀ ọ́," ẹ má sá fún un. Orí rẹ̀ pé. Fòfó Tọ́ládé ni. Fòfó là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló sì bí i. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọlẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀rọ tó wà lórí itan rẹ̀ yẹn, ọ̀dínátẹ̀ là ń pè é. Àwọn ará Nàìjíríà tó ń tajà ládùúgbò wa ń pè é ní kọ̀ǹpútà. Fòfó kì í pè é ní èyí, kì í pè é ní ìyẹn. "Ọmọ yìí" ló ń pè é. Kò tíì gbé ìyàwó, ó ti sọ ẹ̀rọ dọmọ.

Láti ìgbà tí mo ti gba báàkì, ìwé ẹ̀rí ìparí kọlẹ́ẹ̀jì, tí mo sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti ń kọ́ mi ní díẹ̀díẹ̀ nínú èdè tó fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orúkọ èdè náà kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ: R. Parakou ló ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n kó àwọn olùkọ́ jọ sí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì bọ̀ láti ọ̀hún bí ẹni tó lọ gba ìgbàlà. Èmi náà kọ́ ìwọ̀nba tí mo lè kọ́, mo sì fi ṣe ohun tó yẹ kó ti mọ̀ pé n ó fi ṣe. Mo fi ìlà kan pamọ́ síbi tí R ti ń jí, tó fi jẹ́ pé bí Fòfó bá ti ṣí i, ohun tí R máa kọ́kọ́ kọ sí i ni: "Fòfó, ṣé ẹ ti wẹ̀?" Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Kó tó mọ̀, mo ti gbọ́ ọ láti yàrá kejì láàárọ̀ kan tó ń dá a lóhùn pé, "Rárá o, omi ò tíì gbóná."

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè, yóò dáhùn. Ó sì gbà pé bí òun náà bá bèèrè dáadáa, kò sí ohun tí kò ní í dá òun lóhùn.

Ìyá rẹ̀, Awawou lorúkọ wọn. Ìyá Bessé ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n nítorí pé Bessé, lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ loko wọn wà. Ẹ̀pà ni wọ́n ń gbìn. Kì í ṣe ẹ̀pà tí ẹ ń rà lọ́jà o! Ẹ̀pà pupa kékeré kan ni, tí ìyá tó bí wọn lọ́mọ fi lé wọn lọ́wọ́, tó máa ń dùn bíi pé ẹnìkan ti fi oyin ra á lára kó tó wọ inú èèpo. Nígbà kan, obìnrin púpọ̀ ní Bessé ló ń gbìn ín. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n gba ẹ̀pà ńlá tí àwọn oníṣòwò ń bèèrè. Lọ́dún tó kọjá ọ̀dá mú un lóko, èyí tó wá kù fún Ìyá Bessé kò ju inú ìkòkò kan lọ, wọ́n fi eérú bò ó, wọ́n fi ata gbígbẹ sí i lẹ́nu nítorí kòkòrò. Bí inú ìkòkò yẹn bá ṣòfò, kò sí ẹni tí wọn yóò lọ tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láyé. Ó tán nìyẹn.

Lẹ́yìn Àjíǹde, òjò kan rọ̀. Ó rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ mu, gbogbo ayé gbé ọkọ́. Lẹ́yìn náà ojú ọ̀run pa dé, bí ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Òjò àkọ́kọ́ máa ń tanni bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá gbìn tẹ̀lé e tí èkejì ò tètè dé, irúgbìn á yan mọ́ inú ilẹ̀. Ìyá Bessé bá pe Fòfó lórí tẹlifóònù.

"Tọ́ládé, o lọ ilé ìwé títí irun orí rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní ìgbà tí òjò máa rọ̀ ni?"

"Wọn ò kọ́ mi, Ìyá. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń bèèrè."

"Ibo nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ ná."

Ibi tó ń sọ yẹn, lókè òkun ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ níbẹ̀ tó ń ṣírò ìkúùkuu àti afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, tó ń sọ iye òjò tó ṣeé ṣe kó rọ̀ níbi gbogbo láyé, ẹni tó bá bèèrè ni wọ́n ń fún, lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹlifóònù mi náà máa ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, àmọ́ bí mo bá bi í nípa Bessé, ti Parakou ló máa sọ fún mi. Ti oko ìyá rẹ̀ gan-an ni Fòfó ń fẹ́. Ó ní fèrèsé kan wà tí wọn kò ṣí fún ojú ènìyàn, ẹ̀rọ ló ń nawọ́ sí ẹ̀rọ níbẹ̀. API ni wọ́n ń pe fèrèsé náà. Ìwọ á kọ ìbéèrè rẹ ní ìlà kan gbọọrọ, R á bá ọ gbé e lọ, á na ọwọ́ wọlé. Bí o bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n á ti ìdáhùn jáde sí ọ. Bí o kò bá kọ ọ́ dáadáa, èébú ni wọ́n á tì jáde.

Èébú ni Fòfó kọ́kọ́ jẹ. Ó jẹ ẹ́ yó. Irinṣẹ́ tí R fi ń rìn dé ẹnu fèrèsé yẹn kò sí nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kóun gbé e wọlé, fọ́fẹ̀ẹ̀, ìyẹn dátà tó rà sórí tẹlifóònù, tán ní ààbọ̀ ọ̀nà. Ó ra òmíràn, rẹ́zò, ìyẹn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, lọ. Rẹ́zò dé, iná lọ. Iná dé, wọ́n ní ìbéèrè rẹ̀ kò yé àwọn. Ó tún un kọ, wọ́n ní ó ti bèèrè jù, kó lọ sinmi ná.

"Fòfó, ẹ kúnlẹ̀ fún un," ni mo wí.

"Gbẹ́nu dákẹ́."

"Bóyá torí pé ẹ ò tíì wẹ̀ ni."

Ó ju ìbọ̀sẹ̀ lù mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo ń ta aṣọ sórí okùn ni mo gbọ́ tó kígbe. Mo rò pé àkeekèé ta á. Ìgbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dìde, ó ń fi ìka gún ojú ẹ̀rọ.

"Ó dáhùn! Wò ó, ó dáhùn! Ibì kan ni mo bèèrè, ìdáhùn méjì ló fún mi!"

"Kí ni ti ìkejì?"

Ó wo ẹ̀rọ, ó wo mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èènì ni! Ṣé ìwọ ò mọ èènì ni? Àwọn òyìnbó náà ti mọ̀ ọ́n."

Ẹ má bi í wí o. Nínú ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, ta ló máa wọn gààrì fún yín tí kò ní í fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e? Ẹni tí kò bá fi kún un, àwa la máa na ọwọ́ mú un fúnra wa, tí a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ń da èènì padà sórí òṣùwọ̀n láti wò ó bóyá ó bá ohun tí òun rà mu. Nítorí náà Fòfó mú ìdáhùn kìíní, ó fi èkejì sílẹ̀ níbi tó wà, ó tilẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ náà pé, "Ẹ ṣeun o, ẹ ó ta àtàjèrè."

Ìdáhùn kìíní dára bí àlá. Òdo ni láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, òjò ńlá. Ọjọ́ Ẹtì, òjò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fòfó fi R ya àwòrán rẹ̀, ó kun òjò náà ní àwọ̀ aró, ó gùn fíofío bí òpó iná. Ó pe Ìyá rẹ̀.

"Ìyá, Ọjọ́rú ni kí ẹ gbìn ín. Òjò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì."

"Ṣé ọmọ yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kì í purọ́?"

"Ẹ̀rọ kì í purọ́, Ìyá."

"Tọ́ládé, o mọ̀ pé èyí tó wà nínú ìkòkò yẹn ni gbogbo rẹ̀."

"Mo mọ̀."

Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n da inú ìkòkò náà sínú igbá, wọ́n gbin gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àpáta ẹ̀yìnkùlé wa fi dà bí ìdí ìkòkò. Fòfó gbé àga síta, ó jókòó bí ẹni tó ń dúró de ìyàwó. Ní ọ̀sán, ìkúùkuu ṣú ní ìwọ̀ oòrùn, ó dúdú, mànàmáná ń bù yẹ̀rì nínú rẹ̀. Fòfó dìde. Atẹ́gùn kan fẹ́, ó gbé eruku sí wa lójú, ìkúùkuu náà sì dúró síbi tó wà bí ẹni tó bá àwọn ará ibẹ̀ dá àdéhùn. Kò pẹ́, tẹlifóònù mi dún. Moufidatou ni, àbúrò Fòfó tó fẹ́ ọkọ sí Savalou, lọ́nà ìwọ̀ oòrùn yẹn. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa nítorí ariwo páànù.

"Òjò ni! Gbogbo aṣọ tí mo sá ló ti lọ! Ṣé ó ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ń bọ̀," ni Fòfó ké láti orí àga. "Sọ fún un pé ó ń bọ̀ lọ́nà."

Kò dé. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Moufidatou tún pè, ó ní èyí ju ti àná lọ, omi ti wọ ilé ìdáná àwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ewéko kò mì. Mo rí i pé ojú Fòfó ti ń rẹ̀wẹ̀sì, mo ní kí n pa á lẹ́rìn-ín.

"Fòfó, ẹ jẹ́wọ́. Ẹ ní obìnrin ní Savalou. Ọmọ yín ti mọ̀ ọ́n, òjò ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ fún yín."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fún òun ní tẹlifóònù náà. Ó bi Moufidatou ìgbà tí òjò àná bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dá. Ó gbé ẹ̀rọ lé itan, ó fi ohun tó gbọ́ wé àwòrán aró rẹ̀. Ó bára mu wẹ́kú. Gbogbo òjò tí ẹ̀rọ ṣèlérí ló rọ̀, kò yẹ̀ rárá. Ilé ẹlòmíràn ló rọ̀ sí.

Ó padà lọ ṣí ìdáhùn ọjọ́ Àìkú. Lókè pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà, ẹ̀rọ òkè òkun ti kọ orúkọ ibi tó ń dáhùn fún. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń mọ ibi gbogbo láyé, ọ̀kan fún ìhà òkè, ọ̀kan fún ìhà ẹ̀gbẹ́. Ìdáhùn kìíní: mẹ́jọ àti méjì. Ìdáhùn kejì, èènì wa: mẹ́ta àti mọ́kàndínláàádọ́ta.

Fòfó yíjú sí mi.

"Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kẹ̀?"

"Ṣé eré rẹ ni? Bó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ fún mi. N kò ní í bínú."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ojú ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n sọ pé èmi ni ló rí. Ó wù mí kí n gbà á. Mo ní, "Fòfó, mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́." Ó mi orí, ó padà sídìí ìbéèrè rẹ̀, ó ń kà á lẹ́tà lẹ́tà.

Fírígúlù ni.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, kọ́mà lẹ ń pè é. Láti kíláàsì kékeré ni misé, olùkọ́ wa, ti kọ́ wa pé bí nọ́ńbà bá ní ìpín lẹ́yìn, fírígúlù la fi ń yà á. Mẹ́jọ fírígúlù òdo mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni Fòfó fúnra rẹ̀ ti ń kọ ọ́ sójú pátákó láti ìgbà tó ti ń kọ́ni. Àdírẹ́ẹ̀sì oko Ìyá ni 8,03 àti 2,49. R fúnra rẹ̀ kì í gba fírígúlù nínú nọ́ńbà, tóótó, àmì kíún bíi ti ìparí gbólóhùn, ló ń fẹ́, ìbá ti bú u lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àmì àyọlò, tí R fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ni Fòfó kọ ìbéèrè náà sí, R kì í sì í tú ẹrù tí wọ́n bá dì fún un. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn fèrèsé, fírígúlù kì í pín nọ́ńbà, ohun tó ń sọ fún wọn ni "àti". Wọ́n kà á pé: mẹ́jọ àti mẹ́ta, méjì àti mọ́kàndínláàádọ́ta. Ìhà òkè méjì, ìhà ẹ̀gbẹ́ méjì, ó di ibi méjì. Mẹ́jọ pẹ̀lú méjì, ẹ̀bá Savalou nìyẹn. Mẹ́ta pẹ̀lú mọ́kàndínláàádọ́ta, inú agbami òkun ni, lẹ́yìn Sómálíà. Ẹja ni a gba èènì òjò lọ́wọ́ wọn.

Fòfó pa fírígúlù méjèèjì rẹ́, ó fi tóótó sí i. R lọ, R bọ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló mú wá, kò sí èènì.

Òdo. Òdo. Òdo. Òdo, títí dé ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ náà gùn dé, pẹ̀lú oòrùn tó ń le sí i.

Ó tún bèèrè. Ohun kan náà ni. Ó wá fèrèsé mìíràn, ti àwọn ẹlòmíràn, ó kọ ìbéèrè tuntun, ó wo tóótó rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ojú abẹ́rẹ́. Àwọn náà ní òdo. Ó ti mọ gbogbo ohun tó ń fẹ́ mọ̀ báyìí, ní àmọ̀dájú, kò sì sí nǹkan kan tí ìmọ̀ náà lè ṣe fún ẹ̀pà tó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun ti jẹun. Kò tíì jẹun.

Ní àárọ̀ Sátidé, a gun zémì lọ sí Bessé, àwa méjèèjì lẹ́yìn ọlọ́kadà kan. Ẹ̀rọ náà wà nínú àpò láyà Fòfó.

Ìyá Bessé wà lóko. Wọ́n ti gbọ́ lórí tẹlifóònù pé òjò kò wá mọ́, Fòfó sì ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fírígúlù fún wọn, àmọ́ "Savalou" nìkan ni wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Wọn ò kí wa pẹ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí a wà á jáde," ni Fòfó wí. "Kò tíì hù. Bí a bá wà á báyìí, a lè gbẹ ẹ́, a lè tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí òjò bá dé."

"Ohun tí mo ti ń ṣe láti òwúrọ̀ nìyẹn. Ẹ bọ́ sí i."

A kúnlẹ̀ sórí poro. Ilẹ̀ náà gbóná dé inú. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọ̀kan, inú mi dùn, mo gbé e sókè. Èèpo lásán ni. Èèrà ti jẹ inú rẹ̀ tán, wọ́n fi awọ pupa rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí ènìyàn bọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ, Fòfó ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ, ìgbà tí a bá rí èyí tó pé, a máa wo ara wa bí ẹni tó jí nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pé yẹn ló ti wú díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin tó kù nínú ilẹ̀, tó ti bẹ́ lẹ́nu, tó sì ti gbẹ padà. Irú èyí kò ní í hù mọ́. Ìyá Bessé so ìwọ̀nba tó dára mọ́ etí ìró wọn. Kò tó ohun tí ọmọdé fi ń jẹ gààrì.

Nígbà tí oòrùn le jù, a lọ jókòó sábẹ́ igi èmì. Ìyá nawọ́ sí àpò tó wà láyà Fòfó.

"Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, Ìyá."

"Mú un jáde kí n rí i."

Fòfó ṣí i lé itan. Ìyá Bessé wò ó bí ẹni tó ń wo àna tí wọn kò fẹ́.

"O ní bí ènìyàn bá bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tọrọ òjò lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìyá, ìdáhùn nìkan ló ń fúnni. Kì í fúnni ní òjò."

"Ṣé o ti bèèrè rí?"

Fòfó wo mí. N kò rí àwàdà kankan fi ràn án lọ́wọ́. Ó so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifóònù mi, ó wá rẹ́zò kiri ìdí igi náà títí ó fi rí i, ó sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ nítorí pé ìyá rẹ̀ ní kó ṣe é.

"Kí ló wí?"

"Òdo."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Òdo, Ìyá."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ó kàn ń mi orí.

"Òpùrọ́ ni," ni Ìyá Bessé wí.

"Kò purọ́, Ìyá. Èmi ni mo bèèrè lódì. Èmi ni mo fi fírígúlù sí i, ẹ̀rọ kò jẹ̀bi nǹkan kan. Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé mo dàbí ẹni tí kò mọ̀?" Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n wo ẹ̀pà inú rẹ̀, wọ́n tún un so. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bí. Ta ni kí n bú?"

Wọ́n bá yíjú sí ẹ̀rọ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bú orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n bú ikùn rẹ̀ tí kò ní ìfun, wọ́n bú ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ àti ẹni tó kọ́ ọ lọ́rọ̀. Wọ́n ní kò ní í rí omi mu níbikíbi tó bá gbé ẹsẹ̀ lé. Ibi tí ẹnu wọn kò bá ti gbà mọ́, èmi a bá wọn gbè é, a jọ ń bú u lọ. Fòfó Tọ́ládé jókòó sáàárín wa, ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan kó lè gbọ́ dáadáa, kò sì gbèjà rẹ̀.